Ẹní Kọ́ Ló Gbé Ẹṣin Dúró

Ní ìlú Ìdí-Ìṣìn, bí ẹnìkan bá kun ògiri tó ti là ní ọ̀dà tuntun, tó wá dúró síta tó ń retí oríyìn, àgbàlagbà kan á wúkọ́, á ní, "Ó mà dára o. Ṣùgbọ́n ẹní kọ́ ló gbé ẹṣin dúró." Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá wọ bàtà dídán wá tọrọ ọmọ, tí kò sì sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ìyá ọmọ á wò ó láti òkè délẹ̀, á ní, "Ẹní kọ́ ló gbé ẹṣin dúró, ọmọ mi. Jókòó ká sọ̀rọ̀." Àlejò tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ a máa yanu sílẹ̀ ni. Ta ló tẹ́ ẹní fún ẹṣin rí? Ẹṣin tó ń sùn lóòró, kí ló fẹ́ fi ẹní ṣe? Àwọn onílé á rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọn á ní kó fa àpótí sún mọ́ ibòji, nítorí ọ̀rọ̀ náà ní orírun, ó sì ní ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí.

Jìnádù ni orúkọ ẹni náà. Ọmọ ọmọbìnrin ni nínú agbo ilé Ẹlẹ́ṣin, nítorí náà oyè Mọ́gàjí kò lè kàn án láéláé. Iṣẹ́ ẹṣin ló kàn án. Láti ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti ká korobá omi ló ti ń tọ́jú ẹṣin agbo ilé náà, ó sì ṣe é títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi funfun, títí orúnkún rẹ̀ fi ń dún bí ìlẹ̀kùn àtijọ́ bó bá fẹ́ dìde. Nígbà kan rí, ẹṣin pọ̀ ní ìso wọn. Ní àkókò tí à ń wí yìí, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo, abo ẹṣin dúdú kan tí ara rẹ̀ ń dán bí ikin tí wọ́n fi epo pa, tí wọ́n ń pè ní Adúmáadán. Àwọn ọ̀dọ́ ti fọ́n ká lọ sí Èkó àti Àbújá. Jìnádù àti Sínátù ìyàwó rẹ̀, tó ń dín másà lẹ́bàá ọ̀nà, ni wọ́n ń gé koríko, tí wọ́n ń pọn omi, tí wọ́n ń kó ìgbẹ́ ẹṣin. Bí Jìnádù bá jókòó nírọ̀lẹ́, yóò kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kó tó dáhùn ìkíni ẹnikẹ́ni.

Ó ti di àṣà láti ayé àwọn baba ńlá pé lọ́dọọdún, bí ọdún Iléyá bá dé, ẹṣin kan láti agbo ilé Ẹlẹ́ṣin gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ọba ní ìlú ńlá. Láyé àtijọ́, wọ́n ń gun ẹṣin náà lọ ni. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù wá pọ̀ lójú títì tí wọ́n ń sáré àsápajúdé, Mọ́gàjí tó wà lórí oyè nígbà náà ra ọkọ̀ ẹṣin kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò ní ẹ́ńjìnì. Bí àpótí ńlá ló rí, ó ní táyà, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn kó máa fà á. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ á wá sílẹ̀ di afárá tí ẹṣin yóò gùn wọlé. Irin ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n pákó ni wọ́n tò sí ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì tẹ́ ẹní rọ́bà nínípọn lé pákó náà lórí, kí pátákò ẹṣin má baà máa yọ̀. Ẹní rọ́bà yìí ni ẹní tí òwe náà ń wí.

Ẹní ọ̀hún dára, ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan. Ìtọ̀ ẹṣin a máa ṣàn gba etí rẹ̀ wọ abẹ́, bó bá sì ti wọlé tán, kò ní rí ibi jáde, kò ní rí afẹ́fẹ́ tí yóò gbẹ ẹ́. Òkè á mọ́ tónítóní. Abẹ́ á máa jẹrà.

Sínátù ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Ó ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró, ó fa imú.

"Bàbá Àwáwù," ló pe ọkọ rẹ̀, nítorí Àwáwù ni àkọ́bí wọn, "òórùn tó ń jáde nínú ọkọ̀ yìí kì í ṣe ti ìgbẹ́ ẹṣin mọ́ o. Òórùn igi tó ti kú ni."

"Mo gbọ́," ni Jìnádù wí.

Kò purọ́, ó ti gbọ́ ṣáájú rẹ̀. Nínú òjò tó kọjá, ó ti gbé igun ẹní náà sókè, ó sì rí pákó abẹ́ rẹ̀ tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ìka náà wọlé bí ẹni tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ó wò ó títí, ó wá rọra dá ẹní padà sí àyè rẹ̀, bí ẹni da aṣọ bo ojú òkú. Kì í ṣe pé kò bìkítà. Bó bá ti ro bí wọn yóò ṣe tú bóòtù tó ti dípẹtà, bí wọn yóò ṣe wá igi, tí wọn yóò gé e, tí wọn yóò gbé e, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń tán. Àárẹ̀ ẹni tó ti ń fi ọwọ́ méjì ṣe iṣẹ́ agbo ilé kan láti ìgbà pípẹ́ ni.

Ó sọ fún Mọ́gàjí Gàníyù. Mọ́gàjí jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ẹbí, ọkùnrin gíga tó fẹ́ràn kí wọ́n máa wò ó bó bá ń kọjá.

"Lẹ́yìn ọdún, Jìnádù," ni Mọ́gàjí wí. "Jẹ́ ká ṣọdún ná."

Wọ́n ṣọdún tán, Mọ́gàjí ní kí òjò dá. Òjò dá, ó ní kí ọyẹ́ lọ. Ọyẹ́ lọ, ọdún mìíràn sì dé.

Ní ọdún yìí, Mọ́gàjí gbọ́ pé àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ wá wo ẹṣin ọba. Ni ara rẹ̀ kò bá gbà á mọ́. Ó ra ọ̀dà pupa, ó ní kí wọ́n fi kun ọkọ̀ náà yíká. Ó tún ra ẹní rọ́bà tuntun tó dúdú, tó ń dán, tó wúwo débi pé ọkùnrin mẹ́ta ló gbé e sọ̀ kalẹ̀. Lórí ẹní àtijọ́ ni wọ́n tẹ́ ẹ lé. Wọn ò ká ti àtijọ́ kúrò.

Mọ́gàjí fi ọwọ́ lé ìbàdí. "Jìnádù, wò ó! Ta ló máa mọ̀ pé ọkọ̀ yìí dàgbà ju àkọ́bí mi lọ?"

"Ó dára, Mọ́gàjí. Pákó abẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ta ni yóò wo abẹ́ ẹní? Ṣé ọba ni yóò bẹ̀rẹ̀ wò ó ni, àbí àwọn àlejò? Wo bó ṣe nípọn. Erin dúró lé ẹní yìí, kò ní jìn."

Jìnádù la ẹnu. Ó rí i nínú ọkàn rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe lọ: òun á sọ̀rọ̀, Mọ́gàjí á fèsì, ohùn á ga, àwọn ará ilé á jáde síta, nígbà tó bá sì yá, òun náà ni wọn yóò ní kó lọ wá pákó wá. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Ó dáa, Mọ́gàjí," ló wí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, Sínátù bá a ní ìso ẹṣin níbi tó ti ń fi aṣọ nu ara Adúmáadán.

"Ẹ ti ká ẹní yẹn wò?"

"Sínátù, ó ti rẹ̀ mí."

"Mo mọ̀ pé ó rẹ̀ yín. Ó rẹ èmi náà. Mo ní, ṣé ẹ ká a wò?"

Jìnádù fa ẹṣin náà jáde. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu afárá ọkọ̀, Adúmáadán dúró. Ó na ọrùn, ó fi imú gbóòórùn ilẹ̀ ọkọ̀ náà, ó gbóòórùn, ó sì fà sẹ́yìn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Jìnádù fọwọ́ pa á lọ́rùn, ó sọ orúkọ rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí i létí bó ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ. Ẹṣin náà wò ó. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó wọlé. Bó ṣe ń wọlé, Jìnádù gbọ́ tí nǹkan kan dún lábẹ́ ẹní, kẹ̀ẹ́, bí ẹni já ìrèké tó ti gbẹ. Ó dúró díẹ̀. Mọ́gàjí ti ń tẹ fèrè ọkọ̀ rẹ̀ níwájú. Jìnádù ti ìlẹ̀kùn.

Bẹ́lò awakọ̀ ló ń wa ọkọ̀ akẹ́rù tó ń fa ọkọ̀ ẹṣin náà, Jìnádù sì jókòó tì í. Mọ́gàjí ti sáré ṣáájú wọn. Wọ́n ti jìnnà sí ilé dáadáa, wọ́n ń sún mọ́ afárá odò kan, nígbà tí ọlọ́kadà kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó ń fi ọwọ́ kan ju aṣọ sókè, tó ń pariwo.

"Ẹ dúró! Ẹ dúró! Ẹsẹ̀ ẹṣin! Ẹsẹ̀ ẹṣin wà nílẹ̀!"

Bẹ́lò tẹ bíréèkì. Jìnádù kò mọ bí òun ṣe bọ́ sílẹ̀. Ó sáré dé ẹ̀yìn, ó sì rí i. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Adúmáadán ti ya ẹní méjèèjì ní etí, ó ti la pákó já, ó sì yọ sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ títí kan ojú títì. Títì ti bó awọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ fa ìlà gbọọrọ lẹ́yìn wọn. Lókè, ẹṣin náà ń ké, ó ń fi ara gbá irin.

Jìnádù wọ abẹ́ ọkọ̀. Ọ̀dà títì gbóná bí ìdí agbada, ó dùbúlẹ̀ lé e lórí bẹ́ẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ náà mú kó má baà máa jà, ó sì ń sọ̀rọ̀. "Rọra. Èmi ni. Rọra. Èmi ni." Ohun tó ń sọ ṣáá nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì ń gún òun fúnra rẹ̀ láyà, nítorí òótọ́ ni, òun ni.

Káfíńtà kan wà lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀ tó ń kan ìlẹ̀kùn, Tíámíyù ni wọ́n ń pè é. Ó gbọ́ ariwo, ó sì gbé ayùn sáré wá. Ó ní kí Bẹ́lò fi fìlà bo ojú ẹṣin náà kó lè dákẹ́. Ó wọlé sí i lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ó fi ọ̀bẹ la ẹní yípo, ó sì tẹ ayùn mọ́ pákó. Ó wá gbé ayùn náà jù sílẹ̀.

"Ayùn kọ́ lèyí ń fẹ́," ló wí. Ọwọ́ lásán ló fi ń bù ú, òkèlè òkèlè, bí ẹni bu ẹ̀bà. Nígbà tí ihò náà fẹ̀ tó, Jìnádù ti ẹsẹ̀ náà sókè láti abẹ́, Tíámíyù gbà á lókè, wọ́n rọra mú ẹṣin náà fà sẹ́yìn títí ó fi bọ́ sí ilẹ̀ gbígbẹ. Egungun kò dá. Ṣùgbọ́n awọ ọrùn ẹsẹ̀ náà kò sí níbẹ̀ mọ́, ìdajì pátákò sì ti lọ.

Ìgbà náà ni Mọ́gàjí padà dé, nítorí wọ́n ti pè é lórí fóònù. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú agbádá funfun. Ó wo ẹṣin, ó wo ẹ̀jẹ̀, ó wo inú ọkọ̀.

"Ẹní tuntun ni mo rà!" ló ń wí, bí ẹni ń rojọ́ fún gbogbo àwọn tó dúró. "Ẹní tuntun! Gbogbo yín ẹ rí i! Ẹní tó nípọn tó báyìí!"

Jìnádù jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ọ̀dà títì wà lára aṣọ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹṣin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbé ohùn sókè. Kò sí okun tí yóò fi gbé e.

"Mọ́gàjí," ló wí, "ẹní kọ́ ló gbé ẹṣin dúró."

Tíámíyù káfíńtà ń fi aṣọ nu ọwọ́, ó gbọ́ ọ. Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ ọjà, láti ọjà ló ti wọ ìlú.

Wọn kò lọ sọ́dún mọ́. Jìnádù fi ẹsẹ̀ mú ẹṣin náà padà sílé, òun níwájú, òun pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ẹṣin náà lẹ́yìn tó ń fi ẹsẹ̀ kan tiro. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n jókòó sábẹ́ igi. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó dé. Sínátù gbé omi wá.

"Ó mọ̀," ni Jìnádù wí nígbà tó yá. "Ó dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó mọ̀. Nítorí pé èmi ni mo pè é ló ṣe wọlé."

Sínátù ìbá ti sọ pé mo ti wí i tẹ́lẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kò sọ ọ́. "Ẹ fọ ẹsẹ̀ yín," ló wí. "Ẹ jẹun."

Wọ́n fi omi iyọ̀ wẹ egbò náà, wọ́n fi aṣọ dì í, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó sì ń gbóná. Dókítà ẹran tó wà ní ìlú ńlá ní kí wọ́n gbé e wá kíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ náà yóò rà. Ẹṣin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú báyìí kò sì lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Inú ọkọ̀ ẹṣin náà ló gbọ́dọ̀ tún wọ̀.

Mọ́gàjí dé sí ìso ẹṣin. "Kí wọ́n wá pákó pẹlẹbẹ kan kàn bo ihò yẹn," ló wí, "kí wọ́n tẹ́ ẹní lé e. Ìrìn ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

"Rárá, Mọ́gàjí."

Mọ́gàjí yí padà. Ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Jìnádù rí. "Kí lo wí?"

"Mo ní rárá. N kò ní pe ẹṣin yìí wọ ibẹ̀ mọ́, àfi bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá di ilẹ̀."

"Níbo lo ti fẹ́ rí pákó lásìkò ọdún? Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń la pákó ló ti tì."

Jìnádù lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, orí rẹ̀ wà láàárín ọwọ́ méjèèjì. Sínátù ń fẹ́ iná másà.

"Pákó wà nílẹ̀," ló wí.

"Pákó wo?"

"Èyí tó wà lókè àjà."

"Ti ṣọ́ọ̀bù rẹ nìyẹn."

Ìrókò gidi ni pákó ọ̀hún. Jìnádù ti là á kalẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ láti fi kan ṣọ́ọ̀bù fún un lẹ́bàá ọ̀nà, kó lè kúrò nínú oòrùn. Lọ́dọọdún ló ń wí pé òun yóò kàn án, lọ́dọọdún ni àárẹ̀ ń gba ọdún náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ti ṣọ́ọ̀bù mi ni," ni Sínátù wí. "Èmi náà ni mo sì ń sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dín másà nínú oòrùn, oòrùn ò tíì pa mí. Ẹsẹ̀ ẹṣin yẹn ò lè dúró dè wá."

Jìnádù wò ó títí. Ó dìde, orúnkún rẹ̀ dún, ó gun àkàsọ̀.

Tíámíyù káfíńtà wá láìjẹ́ pé wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó ní òun kò lè sùn dáadáa láti ìgbà tí òun ti rí ẹsẹ̀ náà. Wọ́n ká ẹní tuntun kúrò, wọ́n ká ti àtijọ́. Nígbà tí ti àtijọ́ wá sókè, òórùn náà jáde bí ẹni ṣí ibojì, Tíámíyù sáré bọ́ sílẹ̀, ó sì bì. Wọ́n fi ṣọ́bìrì kó pákó náà jáde. Kì í ṣe igi mọ́, ẹrẹ̀ ni, ìtàkùn funfun olú wà nínú rẹ̀. Bóòtù tó dè é mọ́ irin ti dípẹtà, kò ṣeé tú, alájórin ló fi iná gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Jìnádù mú òòlù, ó ń kan irin ìdábùú tó wà lábẹ́, ó ń fetí sí i. Èyí tó dára á dún kán-ín. Nígbà tó dé àárín, ó kan ọ̀kan, ó dún pọ̀ọ̀, bí igbá tó ti là. Ìpẹtà ti jẹ inú rẹ̀ tán. Tíámíyù ní bí wọ́n bá fi pákó bò ó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Jìnádù wò ó lójú. Tíámíyù rẹ́rìn-ín ìtìjú, ó lọ pe alájórin padà.

Iṣẹ́ náà kò yá. Wọ́n ha ìpẹtà, wọ́n kun irin. Wọ́n gé pákó ìrókò, ìrókò sì le, eyín ayùn ń kú. Ẹ̀yìn Jìnádù dé ibi tó jẹ́ pé bó bá bẹ̀rẹ̀, ó di kí ẹnìkan fà á dìde. Ìgbà mìíràn á kàn dúró sójú kan, á máa wo òòlù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Sínátù á gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, yóò gba òòlù náà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò gbé ife sí i dípò. Kò sí ẹni tó ń kọrin níbi iṣẹ́ náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Mọ́gàjí dé. Ó dúró síbi òkìtì pákó jíjẹrà tí wọ́n kó sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹyọ kan, ó fi ọwọ́ fún un, omi dúdú sì ṣàn gba àárín ìka rẹ̀ wọ ọwọ́ agbádá.

"O sọ fún mi," ló wí.

"Mo sọ fún yín," ni Jìnádù wí. "Mo sì dákẹ́. Kò yẹ kí n dákẹ́."

Mọ́gàjí bọ́ agbádá rẹ̀, ó fi kọ́ ìlẹ̀kùn ọkọ̀. Tíámíyù ń jìjàkadì pẹ̀lú pákó gígùn kan. Mọ́gàjí lọ gbé ìdí rẹ̀. Kò mọ iṣẹ́ náà, ó fi igi gún ara rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ̀ ọ́ títí wọ́n fi de bóòtù tó kẹ́yìn. Wọ́n fi àyè díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ láàárín pákó kan sí èkejì, kí omi lè máa jò sílẹ̀. Wọ́n gé ẹní tuntun náà sí ege ege, kí ẹnìkan ṣoṣo lè máa ká a jáde sá sí oòrùn lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan. Mọ́gàjí ní òun yóò ra pákó mìíràn padà fún Sínátù. Sínátù ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí i ṣe. Wọ́n ní ìlérí náà pẹ́ díẹ̀ lọ́nà kó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé.

Bí iṣẹ́ ti parí, wọ́n so ọkọ̀ náà mọ́ ti Bẹ́lò, wọ́n mú Adúmáadán wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bí ìgò. Ó dé ẹnu afárá, ó dúró. Kò fà sẹ́yìn, kò sì lọ síwájú. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n látòkè délẹ̀. Jìnádù pè é ní orúkọ. Ẹṣin náà wo ibòmíràn.

Bẹ́lò mú ẹgba.

"Gbé ìyẹn sílẹ̀," ni Jìnádù wí.

"Dókítà ń retí wa o, Jìnádù," ni Mọ́gàjí wí.

"Kó máa retí wa."

Ó gun ọkọ̀ náà lọ fúnra rẹ̀. Ó ká ẹní tó wà lẹ́nu ọ̀nà kúrò, kí pákó hàn. Ó fi ẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Ẹṣin náà ń wò ó. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò gbà mọ́, ó jókòó sórí pákó, ó fẹ̀yìn ti irin. Inú ọkọ̀ náà tutù, ó ń rùn bí igi tuntun. Ó ní kí òun fi ojú lé ẹṣin náà ni, ṣùgbọ́n gbogbo àárẹ̀ ọdún pípẹ́ ló gbá jọ dé bá a níbẹ̀. Orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ara rẹ̀ yọ̀ wálẹ̀. Ó sùn lọ gbọọrọ sórí pákó náà lọ́sàn-án gangan, lójú Mọ́gàjí, lójú Bẹ́lò, lójú gbogbo ará ilé.

Mọ́gàjí fẹ́ pè é. Sínátù gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀."

Wọ́n dúró. Oòrùn yẹ̀ díẹ̀.

Èémí gbígbóná níwájú orí rẹ̀ ló jí Jìnádù. Ó la ojú. Adúmáadán ti gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì wọlé, ó na ọrùn, ó ń fi imú tú u wò bí ẹni ń wò ó bóyá ó ṣì wà láàyè. Jìnádù kò mira. Kò tilẹ̀ gbé ọwọ́. "O ṣeun," ló wí ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹṣin náà gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó dára wọlé. Ó dúró, ó ń ronú. Ó wá gbé èyí tó ń dùn ún náà wọlé, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́.

Pákó náà kò dún.

Ẹsẹ̀ Adúmáadán jiná, ṣùgbọ́n ó ń tiro dọjọ́ ikú rẹ̀, kò sì tẹ̀lé ọba lọ́dún Iléyá mọ́. Nípa ti Jìnádù, wọ́n ní kò pa òwe yìí rí lẹ́yìn ọjọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá pa á lójú rẹ̀, á kàn mi orí, á wo ọwọ́ rẹ̀. Àwọn tó kù ló ń pa á: fún ẹni tó fi ọ̀dà bo ògiri tó ń wó, fún ẹni tó fi ẹ̀rín bo àìsàn, àti ní pàtàkì jù lọ, fún ẹni tó mọ ohun tó wà lábẹ́, tó sì rẹ̀ ẹ́ débi pé kò fẹ́ gbé e sókè wò. Wọn kì í fi bú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n á sì bá a mú etí kejì ẹní náà kí wọ́n jọ gbé e sókè: ẹní kọ́ ló gbé ẹṣin dúró.